Ohùn Ìyá Mi ní Ọjà Òkè-Ajé

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé Yorùbá kan náà ni gbogbo wa, màá ní kó kọ́kọ́ lọ gbé Ìjẹ̀bú-Òde ná, kó tó wá bá mi sọ̀rọ̀. Èmi lọ. Ọmọ Kétu ni mí, ní ìhà ibi tí àwọn Faransé ti ṣèjọba. Yorùbá ni wọ́n fi sọ mí lórúkọ, Yorùbá náà ni wọ́n fi bú mi nígbà tí mo bá ṣẹ̀. Nígbà tí mo dé Ìjẹ̀bú-Òde láti wá kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Faransé, mo rò pé ilé ni mo ti kúrò tí mo tún dé ilé. Mo kí àwọn obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wa. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Àgànyìn ni," ni ọ̀kan wí.

Èkejì ní rárá, ará Kútọnu ni. Mo ní Kétu ni mo ti wá o, Kétu kì í ṣe Kútọnu, ọ̀nà wọn jìn síra. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo wọn fi ohùn kan ṣoṣo kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Kútọnu."

Mi ò tíì bímọ rárá nígbà náà.

Gàrí wọn kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń fi í yangàn. Wọ́n á bu omi tútù sí i, wọ́n á mu ún tán, wọ́n á wá máa wò mí bóyá màá pariwo. Mo pariwo. Obìnrin tó ni ilé tí mo gbà, Ìyá Ìbẹ̀fun, máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú abọ́ ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́, á ní, "Èétijẹ́ tí o ò jẹun? O ò rí bí ọrùn rẹ ṣe rí ni?" Ìbẹ̀fun ni wọ́n ti bí i. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge ló ti fẹ́ ọkọ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó bímọ síbẹ̀, ó ní ọmọ-ọmọ síbẹ̀, ó kọ́lé síbẹ̀, Ìyá Ìbẹ̀fun náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Nígbà tí mo bá ráhùn sí i pé wọn kò jẹ́ kí n sinmi pẹ̀lú Kútọnu yìí, á rẹ́rìn-ín. "Èmi tí Ìbẹ̀fun mi ò ju kí ènìyàn fẹsẹ̀ rìn ín lọ, wọn ò tíì dárí jì mí. Ìwọ wá sọdá ẹnubodè."

Ká máa bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin gbọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí wọ́n kọ nǹkan, wọ́n á da ti ẹlòmíì kọ. Ìwé Faransé kò tó, ènìyàn mẹ́fà á jókòó ti ẹyọ kan, bóyá ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní kí oníkálukú kọ nípa ara rẹ̀ àti ilé bàbá rẹ̀. Mo gbé ìwé wọn dé ilé, mo ṣí tàkọ́kọ́. "Je m'appelle Sikirat," bàbá mi ń ṣe bíríkìlà, a ní ewúrẹ́ kan. Ó dára. Mo ṣí èkejì. Òun náà ń jẹ́ Sikirat, bàbá rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà. Mo ṣí títí, ìdajì kíláàsì ló ń jẹ́ Sikirat, títí kan ọmọkùnrin gìrìwò kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé, tí irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀. Ewúrẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ní.

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé Faransé tì. Lọ́jọ́ kejì Yorùbá ni mo fi bá wọn sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ṣí ojú ewé tó wà níwájú nínú ìwé tí a ń lò, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kà, mo ka ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni báyìí ló ni iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á kọ láìgbàṣẹ. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

"Bí ènìyàn bá fi orí ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́," ni mo wí, "ì báà kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà yà á, ì báà fi kọrin, tirẹ̀ ni láti ìgbà tó ti ṣe é. Kò dìgbà tó bá pariwo. Ẹ lè mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fi kẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá fẹ́ kó o tán, tàbí ẹ fẹ́ tà á, tàbí ẹ fẹ́ pín in kiri, ẹ lọ bi í."

Bùkọ́lá nàwọ́. Ọmọ-ọmọ Ìyá Ìbẹ̀fun ni, inú ilé kan náà la jọ ń gbé, òun ló sì mọ̀wé jù nínú gbogbo wọn. Òun kò sí lára àwọn tó sọ ara wọn di Sikirat.

"Màdáàmù, oríkì ńkọ́? Ta ló ni oríkì?"

Mo ní oríkì ti gbogbo ìdílé ni, ṣùgbọ́n ohùn tó ń kì í, ti ẹni tó ń kì í ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Àárò ilé kì í mú mi láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé, nígbà tí wọ́n bá ń gún nǹkan lódó ní àdúgbò tí odó kò sì ní ìró odó tiwa. Mi ò sì lè lọ sílé. Ìgbà náà ni ìjọba ti ẹnubodè pa, tí wọ́n ń lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé. Èmi ní ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá jáde, wọ́n lè má jẹ́ kí n wọlé mọ́, iṣẹ́ á sì bọ́. Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ẹ má wulẹ̀ dá a sílẹ̀. N ó lọ tò sórí ìlà ní ilé tẹlifóònù láti òwúrọ̀. Ipè náà á gba Èkó, á gba Kútọnu, á gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, kó tó dé ilé-ìfìwéránṣẹ́ Kétu, tí wọn á fi wá rán ọmọ lọ pe ìyá mi nílé. Kí ìyá mi tó wọ bàtà, ìlà ti já. Ọkùnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ á wá sọ pé, "Láìnì ti lọ, mà. Ẹ padà wá lọ́la." Ó ti tó ìgbà mélòó tí mo ti padà wá lọ́la.

Kásẹ́ẹ̀tì ló gbà mí. Bàbá Ràsákì, ọmọ ìlú wa tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, mọ ọ̀nà inú igbó tó gba ẹ̀gbẹ́ Ìmẹ̀kọ kọjá, bóyá ìjọba tì í bóyá wọn kò tì í. Òun ló kọ́kọ́ gbé ohùn ìyá mi wá. Ìyá mi kò mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó jókòó ti rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì àbúrò mi, ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ta ni wọ́n sin, ta ló bí ìbejì, ta ni kò kí òun mọ́. Ó bi mí pé ọkọ ńkọ́. Ó ní kí n má ṣe jókòó síbẹ̀ kí n máa gbéraga, pé òun tí òun ń fọ ẹní mi títí mo fi dàgbà ju ọmọ tó yẹ kó ṣì máa tọ̀ sílé mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ó ní tí oòrùn bá ti ń wọ̀, òun máa ń jáde síta wo ọ̀nà, ojú sì ń ti òun bí wọ́n bá rí òun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Ó kì mí débi tí ẹkún fi gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó kì mí nínú ẹkún náà títí kásẹ́ẹ̀tì fi tán.

Ohùn yẹn ni mo fi ń gbé ìlú. Bí mo bá ti dé láti ilé-ìwé, n ó tẹ̀ ẹ́, n ó máa se ọbẹ̀, a ó jọ máa ṣe é. Mo rán tèmi padà, ó rán òmíràn. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá dúró, mo mọ̀ pé èmi náà ò ní lè dúró.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra ata ní Òkè-Ajé, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kì mí.

Mo dúró. Mo rò pé ooru ni. Oríkì mi ni, láti orí dé ìsàlẹ̀, nínú ohùn ìyá mi, ó ń jáde láti inú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n gbé síta níwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Àwọn obìnrin méjì dúró níbẹ̀, wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú. Ẹkún rẹ̀ kún ọjà. Orí mi wú. Ìyá mi tó ń bo ojú kí aládùúgbò má rí òun, òun ni gbogbo ọjà ń gbọ́ yìí.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń pè ní Bọ̀dá Lásún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa da kásẹ́ẹ̀tì kọ: orin, ìwàásù, wákà, ohunkóhun tí ẹ bá gbé wá. Ó tún ní àwọn tó máa ń wá gba ti ìrántí olóògbé, nítorí ní ìlú yìí, bí ìyá ènìyàn bá ti kú, wọ́n fẹ́ràn kí ohùn obìnrin tó ń sunkún kì ọmọ máa dún nílé lọ́jọ́ ìrántí rẹ̀. Ohùn ìyá mi ló wá ń tà fún wọn.

"Ẹ pa á," ni mo wí.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kó parí, ibi tó dùn ló kù."

"Mo ní kí ẹ pa á! Ìyá mi ni!"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó pa á. Ó bọ́ fìlà. "Háà. Ẹ̀yin ni Màdáàmù? Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú aráfẹ́rakù. Ẹ̀yìn màmá á dára."

Mo ní ìyá mi kò kú. Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí ìbànújẹ́ ti gba orí rẹ̀, ó sì gbé àpótí ìjókòó wá fún mi. Mo ní ta ló fún un láṣẹ. Ó ní, "Àǹtí, oríkì ni. Ta ló ni oríkì? Bàbá mi kò bi ẹnikẹ́ni kó tó kì mí." Mo ní oríkì kọ́ ni mò ń sọ, ohùn ni. Ó ní kí èmi náà gbọ́ bó ṣe dùn, ṣé kí a wá fi irú ohùn báyìí pamọ́ sínú yàrá? Ó fẹ́ fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì kan lọ́fẹ̀ẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ohùn ìyá mi, ó fẹ́ fi ta mí lọ́rẹ!

Kó tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ilé-ìwé wa kó àwọn tíṣà lẹ́yìn wá kí mi, wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Wọ́n ní màmá ti lọ sinmi. Mo ní màmá wà nílé, ó ń jẹun. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kò rọrùn, kò rọrùn. Àdúgbò kò kí mi ní Ìyá Kútọnu mọ́. Ohùn ìkẹ́dùn ni wọ́n fi ń kí mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń rí i pé lẹ́yìn tí wọ́n bá kẹ́dùn tán, wọ́n ń rọra fi ọwọ́ bo ẹnu. Nínú kíláàsì, ọmọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń jẹ́ Sikirat lọ́jọ́sí kò lè wò mí lójú kó má rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ náà wà nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Mo délé, mo pe Ìyá Ìbẹ̀fun. Bùkọ́lá wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò tíì béèrè tí ọmọ náà fi kúnlẹ̀.

"Èmi ni, Màdáàmù."

Màmá rẹ̀ àgbà ń gbọ́ ohùn náà láti ẹ̀yìn ògiri ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, a máa sunkún, a máa ní bí ìyá òun ṣe ń kì òun ní Ìbẹ̀fun nìyẹn. Ọjọ́ ìrántí ikú ìyá rẹ̀ yìí ń bọ̀. Bùkọ́lá wọ yàrá mi láti gbálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó mú kásẹ́ẹ̀tì lọ bá Bọ̀dá Lásún, ó ní kó da ẹyọ kan kọ fún òun, ó sì dá tèmi padà kí n tó dé. Ẹyọ kan ni tirẹ̀. Àwọn yòókù, Bọ̀dá Lásún ló gba ti ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ yín ńkọ́?" Ohùn mi ti ròkè. "Ìwọ tó o kọ ọ́ sínú ìwé!"

"Mo rántí, mà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ orúkọ wọn sára rẹ̀." Ó ṣì kúnlẹ̀. "Mo kọ ọ́ pé, 'Ohùn Màmá Màdáàmù tó ń kọ́ni ní Faransé, Kétu.' Bọ̀dá Lásún sì wò ó kọ sára tirẹ̀. Ẹ ní ká máa dárúkọ ẹni tó ni ín."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ wo ọmọ tó gbọ́ràn! Ó mú ìdajì ohun tí mo sọ, ó fi ìdajì yẹn ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí kò bá dárúkọ wa, ta ni ìbá mọ̀ pé èmi ni mo tọ̀ sí ẹní? Mo ní, "Kí ló dé tí o ò bi mí?" Ó ní, "Ẹ̀rù bà mí pé ẹ lè ní rárá."

Títí di òní, mi ò tíì gbọ́ ìdáhùn tó jẹ́ òótọ́ tó ìyẹn. Wọ́n ń pè mí báyìí sí àwọn ilé-ìwé láti wá bá ọmọdé sọ̀rọ̀ nípa íńtánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n á ṣe máa lò ó kí wọ́n má fi ara wọn wu ewu. Fóònù tí ọmọ ọdún mẹ́wàá mú lọ́wọ́ kéré ju ìwé àdúrà lọ, ó sì lè ṣe ohun tí gbogbo ẹ̀rọ Bọ̀dá Lásún kò lè ṣe. Wọ́n á ya fọ́tò ọ̀rẹ́ wọn níbi tó ti ń sùn, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ àti ilé-ìwé rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní eré ni. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò tọrọ àṣẹ, ìdáhùn Bùkọ́lá náà ni, wọn kàn ń sọ ọ́ lọ́nà mìíràn ni.

Ká padà síbi tí mo wà. Mo bínú sí Bùkọ́lá, mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, wọ́n pín ìlú mọ́ra wọn lọ́wọ́, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n kó kásẹ́ẹ̀tì náà padà. Èmi kọ́ ni mo rán wọn. Wọ́n lọ dé Ìjàgún, wọ́n lọ dé Ìmùsìn. Wọ́n kó díẹ̀ dé. Obìnrin kan ní òun ti fún àbúrò òun tó wà ní Èkó, àbúrò náà sì ti fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ní Ìjàgún kò fún wọn rárá. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, ohùn yẹn ni òun fi ń sùn, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbà á, kó kọ́kọ́ dá ìyàwó òun padà. Nígbà tí wọ́n sọ ìyẹn fún mi, mi ò mọ ojú tí màá fi wò ó. Inú ṣì ń bí mi, àánú bàbá náà sì ń ṣe mí, àwọn méjèèjì kò fi ara wọn sílẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ẹlòmíì lè fi èyí tó fọ́ jẹun.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù ni pé kí ìyá mi gbọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá tú àṣírí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ á pa dé ni, ọ̀rọ̀ á sì tán. Mo ní màá fi ọgbọ́n sọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé Bàbá Ràsákì ti ra tirẹ̀ ní gáréèjì. Ó gbọ́ ohùn ará ìlú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó tì í sínú rédíò ọkọ̀, ó sì ń gbọ́ ọ bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Kétu. Ó wọ ìlú bẹ́ẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, tí ìyá mi wà níta tó ń wo ọ̀nà. Ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́ tó ń sunkún bọ̀ wá bá a láti inú ọkọ̀ akẹ́rù.

Bàbá Ràsákì fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó padà wá, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. Ó ní òun tún ti fi ẹnu òun sọ fún un pé wọ́n ní ó ti kú.

"Kí ló wí?"

"Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn."

Kò sì sí kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí nígbà tó tún wá lẹ́yìn ìyẹn. Mo gba ohùn tèmi sílẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo ṣàlàyé, mo fi rán an. Kò sí èsì. Mo lọ sí ilé tẹlifóònù, mo tò. Ipè wọlé lọ́jọ́ tí mi ò tilẹ̀ retí rẹ̀. Mo gbọ́ ariwo, mo gbọ́ èémí ẹnì kan. Mo ní, "Ìyá, èmi ni. Ẹ má bínú." Mo tún ní, "Ìyá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀." Ó ní, "Àwọn wo ló tún ń gbọ́?" Mo wo ẹ̀yìn, gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà ń wo ẹnu mi, ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ náà fi agbọ́rọ̀ sétí. Kí n tó lè purọ́, láìnì lọ.

Mo sunkún bọ̀ lójú títì. Mo bú ìlú náà, mo bú ẹnubodè, mo bú ẹni tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Ilé ń dún wọnranwọnran bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìyá Ìbẹ̀fun gbé ìkọ́kọrẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó rí àpótí mi, kò sọ̀rọ̀ ọrùn lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó jókòó tì í, ó ní, "Èmi ni mo jẹbi. Ọmọ kọ́." Mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Bùkọ́lá sáré wá bá mi ní ẹnu géètì ilé-ìwé. Ó ní Bàbá Ràsákì ń pè mí ní Òkè-Ajé, ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Lásún. Mo ní mi ò fẹ́ fi ojú kan ibẹ̀. Ó ní ìyá mi ló rán an.

Èrò ti pé síbẹ̀. Bàbá Ràsákì ní kásẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́. "Màmá ní kí n má gbé e fún ọ. Wọ́n ní kí n gbé e fún ọkùnrin tó ń ta ohùn àwọn." Bọ̀dá Lásún gbà á bí ẹni gba ẹyín iná. Ó tì í sínú ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ kú ilé o." Ìyá mi ni. Ohùn rẹ̀ le, kò sí omi nínú rẹ̀. "Èmi ni. Mi ò kú. Ẹ ṣeun tí ẹ bá ọmọ mi kẹ́dùn. Ẹ gba ìkẹ́dùn yín padà, ẹ tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Wọ́n ní ẹ fẹ́ràn bí mo ṣe kì í. Kò burú. Ẹ ò bi mí. Bí ẹ bá bi mí ni, ǹ bá ti mu omi sí ọ̀nà ọ̀fun, ǹ bá sì ti yọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ kúrò. Mo fẹ́ kì í fún yín báyìí, kó mọ́, kó já geere. Èyí ni mo fún yín. Èmi ni mo fún yín o, ẹ ò jí i."

Ó kì mí. Kò sí ẹkún kankan nínú rẹ̀, ó sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, orí mi wú débi pé mo di ọwọ́ Bùkọ́lá mú láìmọ̀. Nígbà tó parí, ó ní:

"Ó tán. Apá kejì, ti ọmọ mi ni. Ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ, kó pa á níbí."

Gbogbo ojú yí sí Bọ̀dá Lásún. Ọkùnrin tó ti da gbogbo ohùn ayé kọ, mo rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró. Ó pa á. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó nù ún mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Ṣé ẹ máa bá wa bi wọ́n, Àǹtí," ló wí, "bóyá a lè da apá kìíní kọ?"

Mo délé, oòrùn ń wọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ti fèrèsé. Mo gbọ́ tí Ìyá Ìbẹ̀fun gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́bàá ògiri, tó wọ́ ọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé pátápátá. Mo tẹ apá kejì. Adìyẹ ilé wa ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ìyá mi rọra sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó yọ orí lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

Mo ní, "Wọ́n ti lọ, Ìyá." Ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí.